Ọ̀nà Púpọ̀, Ọjà Kan: Ìtàn Àwọn Ìlànà Ààbò Kọ̀ǹpútà àti Ọ̀nà Ìṣọ̀kan Wọn



1. Ìfáàrà

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n bí oníbodè mẹ́rin bá dúró lẹ́nu ọ̀nà kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń tú ẹrù kan náà wò, ọjà yóò ti tú kí ẹlẹ́rù tó dé ìsọ̀. Irú ipò bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ wà nípa àwọn ìlànà tí ó de kọ̀ǹpútà wọn. Mo fẹ́ tọ́ka sí orísun àwọn ìlànà wọ̀nyí, kí n sì sọ èrò mi lórí bí a ṣe lè mú wọn bára mu.

2. Orísun Wọn

Kì í ṣe ọwọ́ kan ni ó kọ wọ́n. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn ìwé ITIL jáde, lórí bí a ṣe ń bójú tó iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́. Ní 1995, BS 7799 jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà lórí ààbò àkọsílẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni ISO/IEC 27001 ti ṣẹ̀ ní 2005. Ní 1996, ISACA, ẹgbẹ́ àwọn olùyẹ̀wò, gbé COBIT kalẹ̀, nítorí pé bí àwọn aláṣẹ yóò ṣe jíhìn ni ó jẹ wọ́n lógún. Ní 2004, ilé-iṣẹ́ káàdì ìsanwó márùn-ún, tí olúkúlùkù ti ní ìlànà tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, pa wọ́n pọ̀ di PCI DSS. Ní Nàìjíríà, Báǹkì Àpapọ̀ ṣe ìlànà ààbò fún àwọn báǹkì ní 2018. Òfin tí ó dáàbò bo àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn sì dé ní 2023. Báǹkì kan ṣoṣo lè ru gbogbo wọn papọ̀.

3. Ìṣọ̀kan

Ní 2005, ìwé kan jáde tí ó fi hàn bí COBIT, ITIL àti ìlànà ISO ṣe bá ara wọn tan. Ní 2022, ISO dín àṣẹ 114 tí ó wà nínú àfikún 27001 kù sí 93: ó pa 57 pọ̀ di 24, ó sì fi tuntun 11 kún un.

Ẹ jẹ́ kí a wo òṣìṣẹ́ tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. ISO 27001 ní kí a gba àṣẹ ìwọlé lọ́wọ́ rẹ̀. PCI DSS ní kí ó jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí báǹkì bá tẹ̀lé èyí tí ó le jù, tí ó sì tọ́jú àkọsílẹ̀ kan, ẹ̀rí kan náà yóò tó fún olùyẹ̀wò méjèèjì.

Ṣùgbọ́n kì í rọrùn bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. PCI DSS ní kí a tọ́jú àkọsílẹ̀ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lórí ẹ̀rọ fún oṣù 12, ó kéré tán; òfin 2023 ní kí a má ṣe tọ́jú àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn kọjá bí ó ti yẹ. Níhìn-ín, líle kò yanjú ọ̀rọ̀. Ènìyàn ni yóò jókòó pinnu ohun tí a ó tọ́jú, ìdí rẹ̀, àti ọjọ́ tí a ó pa á rẹ́.

4. Àsọkágbá

Èrò mi ni pé àtẹ ìfiwéra nìkan kì í ṣe ìṣọ̀kan. Ẹni tí ó kọ ìwé mẹ́rin nípa ilẹ̀kùn kan kò tíì ti ilẹ̀kùn náà. Bí aṣọ́nà bá ń fi gbogbo ọjọ́ kọ èsì fún olùyẹ̀wò, ta ni yóò ṣọ́nà? Owó tí olè yóò sì rí gbé, ti ìyá alájàpá tí kò gbọ́ orúkọ ISO rí ni. Nítorí náà, kí ilé-iṣẹ́ kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń ṣọ́ àti ẹni tí yóò dáhùn fún un. Lẹ́yìn èyí ni kí ó tó ka iye ìlànà tí iṣẹ́ kan náà tẹ́ lọ́rùn.