Ògiri Tí Ó Là ní Àjàṣẹ́

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Nígbà tí àwọn àgbà Sakété àti Pobè bá pa òwe yìí, ìjà inú agbo ilé ni wọ́n sábà máa ń fi bá wí, pàápàá nígbà tí ọmọ ìyá méjì bá ń fa ogún tí ẹni ẹlẹ́ni sì ti àárín wọn rọ́nà wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo bí ilẹ̀ ọba ṣe ń bọ́ sọ́wọ́ òyìnbó yóò rí i pé ìtumọ̀ rẹ̀ ju ti agbo ilé lọ, àti pé, ní ti àwa Nàgó ìhà ìhín, ó ku ibì kan tí a kò tíì tú u dé.

Ní erékùṣù Sílónì, tí à ń pè ní Sri Lanka lónìí, àwọn Potogí gba etí òkun, àwọn ará Họ́lándì gbà á lọ́wọ́ wọn, síbẹ̀ ìjọba Kandy tí ó wà láàárín òkè kò bọ́. Gẹ̀ẹ́sì pàápàá dán an wò ní 1803, ojú tì wọ́n. Nígbà tí wọn yóò fi rí i gbà ní 1815, àwọn ìjòyè ọba ti kẹ̀yìn sí Sri Vikrama Rajasinha, Ehelepola tí í ṣe àgbà láàárín wọn sì ti sá wá bá Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé a ó dáàbò bo ẹ̀sìn Buddha àti àṣà ilẹ̀. A sì gbé ọba lọ sí ìgbèkùn ní Vellore, ní Íńdíà. Kò pé ọdún mẹ́ta tí àwọn ará ilẹ̀ fi dìde ogun, tí Gẹ̀ẹ́sì fi iná àti ìbọn tẹ̀ wọ́n lórí ba. Ehelepola fúnra rẹ̀, Mauritius ni wọ́n lé e lọ, ibẹ̀ ni ó kú sí.

Àjàṣẹ́ ni tiwa. Toffa ọba ibẹ̀, tí ó gorí ìtẹ́ ní 1874, ní Dàhòmì lẹ́yìn, ó ní Gẹ̀ẹ́sì Èkó níwájú, àwọn tí wọ́n ti yìnbọn lu ìlú rẹ̀ ní 1861. Ni ó bá sá sábẹ́ ààbò Faransé. Èmi kò ní bú u, nítorí ẹni tí ogun Dàhòmì kò jó ilé rẹ̀ rí ni ó lè dá a lẹ́jọ́ kíákíá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó wàjà ní 1908, Faransé kò fi ọba jẹ mọ́. Olóyè abẹ́ àṣẹ òyìnbó ni ọmọ rẹ̀ jẹ.

Ibi tí òwe náà kù sí nìyí. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ, 1889, ní Paris, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lórí ìlà kan láti etí òkun lọ sókè: Ìpókíá àti Ìlaró bọ́ sí apá kan, Sakété àti Pobè sí èkejì. Ọba Sakété kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan kò ti Pobè lọ. Ògiri Àjàṣẹ́, aládùúgbò wọn, ni ó là, yàrá tiwọn ni aláǹgbá bá yọ sí.

Owó orí tẹ̀ lé e, iṣẹ́ tipátipá tẹ̀ lé e. Sakété ṣọ̀tẹ̀ ní 1905. Nígbà tí ogun àgbáyé sì dé ní 1914, tí Faransé ń kó ọ̀dọ́mọkùnrin lọ sójú ogun, àwọn Ọ̀họ̀rí kọ̀ jálẹ̀, àwọn tí ilẹ̀ amọ̀ dúdú wọn láàárín Pobè àti Kétu máa ń di àbàtà lójò, tí ẹrẹ̀ á mu ẹsẹ̀ àlejò dé orúnkún, tí onílé nìkan sì mọ ibi tí a ń gbà kọjá. Àwọn mìíràn kó ọmọ àti ẹrù, wọ́n sọdá ìlà Paris náà lọ bá ìbátan wọn lápá Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ìdílé kò sì padà mọ́.