Ẹni Tí Ó Di Àlùmọ́gàjí Mú: Ìtàn Iṣẹ́ Títo Fíìmù ní Ìlú Niamey

Bí aránṣọ méjì bá gba irú aṣọ kan náà, ọ̀kan lè fi rán agbádá, kí èkejì fi rán bùbá. Aṣọ kò yàtọ̀. Àlùmọ́gàjí ni ó yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ sinimá rí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tí ó gbé kámẹ́rà kọ́ ọrùn ni ó ṣe fíìmù, ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ ìdí iṣẹ́ náà mọ̀ pé àwòrán tí a yà sílẹ̀ kò tíì di ìtàn. Ẹni tí ó jókòó tì í, tí ó gé e, tí ó ní kí èyí ṣáájú, kí èyí tẹ̀ lé e, kí a sì sọ èyí nù, òun gan-an ni ó fún un ní ìtumọ̀. Nínú àròkọ yìí a ó tọ ipasẹ̀ iṣẹ́ náà dé Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger, nítorí pé níbẹ̀ ni a ti lè rí i kedere bí àlùmọ́gàjí ṣe kúrò lọ́wọ́ àlejò, tí ó sì bọ́ sí ọwọ́ onílé díẹ̀díẹ̀.

Niamey wà ní etí Odò Ọya, odò kan náà tí ó ṣàn wọ ilẹ̀ Nàìjíríà tí ó sì gba Jẹ́bà àti Lọ́kọ́jà kọjá. Ní ayé ìjọba Faransé, kì í ṣe ohun ìrọ̀rùn fún ọmọ Áfíríkà láti ya fíìmù ní ilẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1934 ni ìjọba Faransé gbé òfin kan jáde, èyí tí a fi orúkọ Pierre Laval pè, pé ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ya fíìmù ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ní Áfíríkà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ. Ẹ wo ohun tí òfin náà bí. Paulin Soumanou Vieyra, ọmọ bíbí Àjàṣẹ́, èyí tí à ń pè ní Porto-Novo, kọ́ iṣẹ́ sinimá ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí a ń pè ní IDHEC ní Paris. Nígbà tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ ṣe fíìmù, wọn kò rí àṣẹ gbà láti yà á ní Áfíríkà. Paris ni wọ́n ti ya Afrique-sur-Seine ní ọdún 1955. Ọmọ tí ó mọ iṣẹ́, tí a kò sì jẹ́ kí ó fi iṣẹ́ náà sọ ìtàn ilé baba rẹ̀ nínú ilé baba rẹ̀: èyí ni ipò tí nǹkan wà nígbà tí ìtàn wa bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1941, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Faransé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jean Rouch dé Niger láti wá bójú tó iṣẹ́ ọ̀nà ṣíṣe. Níbẹ̀ ni ó ti mọ Damouré Zika, ọmọ Sorko, àwọn apẹja tí ó ni odò. Lẹ́yìn ogun, ní ọdún 1946 sí 1947, Rouch àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì wa ọkọ̀ ojú omi láti ìsun Odò Ọya títí dé òkun, ó sì gbé kámẹ́rà kékeré kan dání. Nígbà tí ó mú àwòrán náà dé Paris, ilé-iṣẹ́ ìròyìn kan rà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n tún un gé gẹ́gẹ́ bí ó ti wù wọ́n, wọ́n sì fi ohùn ẹni tí ó máa ń ròyìn ìdíje kẹ̀kẹ́ sí i lórí. Fíìmù náà jáde pẹ̀lú orúkọ tí ó túmọ̀ sí “Ní ilẹ̀ àwọn oṣó dúdú”. Inú Rouch kò dùn sí i rárá. Òun ni ó ya àwòrán, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó sọ̀rọ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ lára ẹni tí ó gbé kámẹ́rà, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè bí ó ti rí lára àwọn tí a ya àwòrán wọn.

A kò ní láti méfò nípa ìdáhùn náà, nítorí pé àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ti fi ẹnu ara wọn sọ ọ́. Ní ọdún 1951, Rouch ya fíìmù kan nípa bí àwọn Sorko ṣe ń dọdẹ erinmi lórí odò. Ní ọdún 1954 ó gbé fíìmù náà padà wá sí Ayorou, ìlú kan ní òkè odò sí Niamey, ó ta aṣọ funfun, ó sì fi fíìmù hàn wọ́n lálẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n rí ara wọn, wọ́n rí àwọn tí ó ti kú láàárín àkókò náà, ọ̀pọ̀ sì sọkún. Wọ́n ní kí ó tún un fi hàn, kí ó sì tún un fi hàn lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí. Rouch ti fi orin ọdẹ sí ibi tí wọ́n ti ń lépa erinmi, ó rò pé yóò mú kí ọkàn olùwòran gbóná. Àwọn Sorko ní irọ́ ni. Wọ́n ní ẹni tí ń dọdẹ erinmi gbọ́dọ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́, nítorí pé etí erinmi dá ṣáṣá. Bí ẹnikẹ́ni bá lù tàbí kọrin lórí omi, ẹranko yóò sá lọ. Rouch gbọ́, ó yọ orin náà kúrò. Ẹ̀yin olùkọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtàn kékeré yìí kọjá lójú yín. Àwọn apẹja tí kò wọ ilé-ẹ̀kọ́ sinimá rí ni ó kọ́ ọ̀mọ̀wé ní ẹ̀kọ́ pàtàkì nínú iṣẹ́ títo fíìmù: ohun tí ó dùn létí kò tó, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ òtítọ́ sí ohun tí ojú ń rí.

Ìgbésẹ̀ kejì wá láti ọwọ́ ọmọ Niger kan tí ń jẹ́ Oumarou Ganda. A bí i ní Niamey ní ọdún 1935, ó jagun fún àwọn Faransé ní Indochina, lẹ́yìn náà ni ó lọ wá iṣẹ́ ní Abidjan. Rouch rí i níbẹ̀, ó sì fi í ṣe olú-eré nínú Moi, un noir, èyí tí ó yà ní Treichville ní ọdún 1957. Kámẹ́rà ìgbà náà dà bí aago tí a ń fi ọwọ́ yí. Bí ó bá ti ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 25, yóò dúró, a ó sì tún un yí. Kò gba ohùn sílẹ̀ rárá. Nítorí náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti ya àwòrán tán, wọ́n mú Ganda jókòó síwájú rẹ̀, ó ń wò ó, ó sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀. Obìnrin kan tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Martinique, Marie-Josèphe Yoyotte, wà lára àwọn tí ó gé fíìmù náà. Òun náà ni ó gé Les Quatre Cents Coups ti François Truffaut ní ọdún 1959, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn ògbóǹkangí iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ Faransé. Moi, un noir gba ẹ̀bùn Louis Delluc ní ọdún 1958. Ohùn ti di ti ọmọ Áfíríkà, ṣùgbọ́n ètò ìtàn ṣì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, Ganda fúnra rẹ̀ kò sì fara mọ́ gbogbo bí wọ́n ṣe tò ó.

Ohun tí ó ṣe sí i ni ó yẹ kí a yìn. Kò kàn ráhùn. Ó padà sí Niamey, ó kọ́ iṣẹ́ náà, ó sì ṣe Cabascabo ní ọdún 1968, ní èdè Zarma, nípa ọmọ-ogun kan tí ó ti ojú ogun dé pẹ̀lú owó, tí àwọn ọ̀rẹ́ yí i ká títí owó fi tán, tí gbogbo wọn sì sá lọ. Ìgbésí ayé tirẹ̀ ni ó fi ṣe òwú, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí òun ni ó hun aṣọ. Lẹ́yìn náà ni ó ṣe Le Wazzou polygame, èyí tí ó gba ẹ̀bùn tí ó ga jù ní àjọ̀dún sinimá Áfíríkà ní Ouagadougou ní ọdún 1972, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀bùn náà. Ganda kú ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù January ọdún 1981.

Nígbà tí Ganda ń fi ènìyàn ṣeré, ọ̀dọ́mọkùnrin mìíràn ń fi ìka yà wọ́n. Moustapha Alassane, tí a bí ní ọdún 1942, mẹkáníìkì ni ó kọ́kọ́ jẹ́. Ó wọ ẹgbẹ́ àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ sinimá ní Niamey lábẹ́ Rouch, lẹ́yìn náà ni ó sì dé Kánádà, níbi tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Norman McLaren, àgbà ọ̀jẹ̀ tí ó máa ń ya àwòrán sára fíìmù gan-an láìlo kámẹ́rà. Kí ni ẹ̀kọ́ tí ó kọ́? Ojú ènìyàn kì í tètè gbàgbé ohun tí ó rí. Bí a bá fi àwòrán 24 hàn án láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí ó ṣáájú rẹ̀, kò ní rí àwòrán mọ́, ohun tí ń rìn ni yóò rí. Ìṣẹ́jú kan jẹ́ àwòrán 1,440. Bí ayàwòrán bá fẹ́ dín wàhálà kù, tí ó fi àwòrán kan dúró lẹ́ẹ̀mejì, yóò ṣì ya 720. Iṣẹ́ sùúrù ni. Ẹni tí ó mọ bí ẹ̀rọ ṣe ń bá ara wọn yí, eyín sí eyín, ni ó lè fara dà á.

Ní ọdún 1965 Alassane ṣe La Mort de Gandji, ìtàn ọba àwọn ọ̀pọ̀lọ́ àti ẹ̀dá abàmì kan, ó sì gba ẹ̀bùn ní àjọ̀dún ńlá ti Dakar ní ọdún 1966. Ní ọdún 1966 kan náà ni ó ṣe Bon voyage Sim. Fíìmù yìí kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ààrẹ ilẹ̀ àwọn ọ̀pọ̀lọ́ gba ìpè láti bẹ ààrẹ mìíràn wò; wọ́n fi ìlù àti ọ̀wọ́ ọmọ-ogun sìn ín jáde, wọ́n pọ́n ọn lé lẹ́yìn odi; nígbà tí ó padà dé, àwọn ará ìlú rẹ̀ kọ̀ ọ́, wọ́n sì sọ ọ́ sómi. Òǹkàwé tí ó bá mọ àlọ́ Ìjàpá yóò mọ ọgbọ́n tí Alassane lò: ohun tí a kò lè sọ sí ọba lójú, à ń fi ẹranko sọ ọ́. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn fíìmù náà, ní oṣù April ọdún 1974, àwọn ọmọ-ogun gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Diori Hamani ní Niamey. Alassane kì í ṣe wòlíì, ṣùgbọ́n ó ti la ojú rẹ̀ sílẹ̀. Ó kú ní ọdún 2015.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé òmìnira ti pé. Kò sí ilé-iṣẹ́ tí ń fọ fíìmù ní Niamey. Ohun tí a bá yà ní etí Odò Ọya, Paris ni a ó fi ránṣẹ́ sí kí a tó lè rí i. Ní ọdún 1963 ìjọba Faransé dá ọ́fíìsì sinimá kan sílẹ̀, èyí tí Jean-René Débrix ṣe olórí rẹ̀. Ọmọ Áfíríkà lè rí yàrá gígé fíìmù lò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba Faransé náà yóò gba ẹ̀tọ́ láti máa fi fíìmù náà hàn ní àwọn ibi tí kì í ṣe ti òwò. Ọwọ́ ti di àlùmọ́gàjí mú, àmọ́ ilé onílé ni a ti ń gé e.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fíìmù aláwọ̀ kì í mú àwọ̀ jáde bí ojú ti rí i. Ẹnì kan ní ilé ìfọfíìmù ni ó ń pinnu bí ìmọ́lẹ̀ pupa, ti ewéko àti ti aró yóò ṣe pọ̀ tó nínú apá kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀sán má bàa dà bí ìrọ̀lẹ́ láàárín ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Àwòrán obìnrin kan ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ orí fíìmù gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n, òyìnbó ni obìnrin náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ nígbà gbogbo. Ojú tí ó dúdú dáadáa kò sí nínú òṣùwọ̀n náà, nítorí náà ó rọrùn kí ó di òkùnkùn lórí aṣọ sinimá, kí ẹyin ojú àti eyín nìkan máa tàn. Kì í ṣe àbùkù ojú náà. Òṣùwọ̀n ni kò rò ó mọ́ra.

Lónìí, ọ̀dọ́ kan ní Niamey lè jókòó ti kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, kí ó gé fíìmù, kí ó tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe, kí ó sì mú àwòrán àti lẹ́tà rìn lójú fíìmù. Ẹ̀rọ DaVinci tí a fi ń tún àwọ̀ ṣe, tí ó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ olówó ńlá nìkan ni ó lè rà á nígbà kan rí, ti di ètò kọ̀ǹpútà tí ènìyàn lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn obìnrin náà ti wọ iṣẹ́: Aïcha Macky, ọmọ Zinder, ti gbé L'Arbre sans fruit jáde ní ọdún 2016, nípa ìrora obìnrin tí kò rí ọmọ bí, ó sì gbé Zinder jáde ní ọdún 2021, nípa àwọn ọ̀dọ́ ìlú rẹ̀. Ọ̀nà tí Ganda fi gbogbo agbára wá ti ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè kọ́ ènìyàn ní ohun tí àwọn ará Ayorou mọ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ àwa olùkọ́ wà. Tẹlifíṣọ̀n wọ ilé-ìwé ní Niger láti ọdún 1964, tiwa sì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959. A ti pẹ́ tí a ti ń fi àwòrán kọ́ ọmọ, àmọ́ a kì í sábà kọ́ ọmọ bí a ṣe ń ka àwòrán. Kò gba owó. Kí olùkọ́ mú àwòrán márùn-ún wá sí kíláàsì: ọjà, ọlọ́pàá, ọmọ tí ń sunkún, ìyá tí ń rẹ́rìn-ín, ọ̀nà tí ó ṣófo. Kí ó pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́ mẹ́ta, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan to àwòrán náà bí ó ti wù wọ́n, kí wọ́n sì sọ ìtàn wọn. Ìtàn mẹ́ta ni yóò gbọ́. Nígbà náà ni kí ó bi wọ́n léèrè pé: èwo nínú ìtàn yìí ni àwọn tí ó wà nínú àwòrán yóò jẹ́wọ́ pé òótọ́ ni? Ọmọ tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè náà ni a lè gbé àlùmọ́gàjí lé lọ́wọ́ láìbẹ̀rù.