Bí Ìròyìn Rádà Ṣe Kọ́kọ́ Wọ Inú Kọ̀ǹpútà

Rádà a máa rán ìgbì rédíò jáde, a sì máa gba èyí tó bá kan nǹkan tó padà wá. Kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀, nọ́ńbà ló mọ̀ ọ́n kà. Ọ̀nà kan wà láàárín àwọn méjèèjì tí ìròyìn gbọ́dọ̀ gbà kọjá, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti máa ń pọ̀ jù: wáyà lè já, ariwo lè dà mọ́ ìròyìn, ẹ̀rọ kan sì lè máa sọ̀rọ̀ nígbà tí èkejì kò tíì ṣetán láti gbọ́. Àwọn ẹlẹ́rọ tó so àwọn méjèèjì pọ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1950 sí 1958 tètè rí i pé ọ̀nà yìí gba làákàyè tó bí rádà àti kọ̀ǹpútà fúnra wọn ṣe gbà á. Púpọ̀ nínú ọgbọ́n tí wọ́n dá nígbà náà ni àwọn ẹlẹ́rọ ṣì ń lò títí dòní.

Ṣáájú àkókò náà, ènìyàn ni alárinà. Nígbà tí ọkọ̀ òfurufú Jámánì ń ju bọ́ǹbù sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1940, òṣìṣẹ́ kan ni yóò jókòó ti síkírìnì rádà Chain Home, tí yóò ka ibi tí àmì wà, tí yóò sì fi tẹlifóònù sọ ọ́ fún àwọn tó wà ní Bentley Priory, olú ibùdó tí wọ́n ti ń darí àwọn ọkọ̀ òfurufú ajagun Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn yẹn ni yóò tò ó sórí àwòrán ilẹ̀ ńlá tó wà lórí tábìlì. Ètò yìí gbéṣẹ́ púpọ̀ nínú ogun náà, àmọ́ ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí ọkọ̀ bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnu kò ní lè yá tó ohun tí ojú ń rí.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1949, Soviet dán bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù wọn àkọ́kọ́ wò. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ ọ̀tá kan ṣoṣo tó bá yọ́ wọlé ti tó láti pa ìlú ńlá kan run. George Valley, onímọ̀ físíìsì ní yunifásítì MIT, ló ṣáájú ìgbìmọ̀ tí Ilé-iṣẹ́ Ọmọ Ogun Òfurufú Amẹ́ríkà yàn láti wá ojútùú. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí ni pé kí rádà máa bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ní tààrà, láìsí pé ẹnì kan ń fi ẹnu gbé e kiri.

Kọ̀ǹpútà kan ti wà ní MIT tó lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Whirlwind ni orúkọ rẹ̀. Jay Forrester àti Robert Everett ló darí kíkọ́ rẹ̀, ó sì yára ju ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ohun tó kù ni ọ̀nà. Ìròyìn tó ń jáde lára rádà pọ̀, ó sì yára ju ohun tí okùn tẹlifóònù lè gbé lọ, torí ohùn ènìyàn nìkan ni wọ́n ṣe okùn náà fún. John Harrington àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní iléeṣẹ́ ìwádìí ọmọ ogun òfurufú ní Cambridge, Massachusetts, ti ṣe ẹ̀rọ kan fún èyí. Ẹ̀rọ náà yóò mú kìkì ohun tó ṣe pàtàkì, ìyẹn bí nǹkan ṣe jìnnà tó àti apá ibi tó wà, yóò sọ ọ́ di nọ́ńbà, yóò sì rọra fi í ránṣẹ́ lórí okùn tẹlifóònù. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1950, ìròyìn láti rádà tó wà ní Hanscom Field gba ọ̀nà yìí dé ọ̀dọ̀ Whirlwind. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 1951, kọ̀ǹpútà náà lo irú ìròyìn yìí láti darí ọkọ̀ òfurufú kan lọ pàdé òmíràn lójú ọ̀run, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì yọrí sí rere lọ́jọ́ náà.

Àṣeyọrí yìí kò sọ pé ìsopọ̀ náà ti ṣeé gbójú lé. Ìṣòro àkọ́kọ́ ni ariwo. Òkè, ilé gogoro àti ìkùukùu náà a máa dá ìgbì padà, rádà kò sì mọ ìyàtọ̀. Fún ariwo tó kàn ń ṣèèṣì yọ, kíkà ni ọ̀nà tí Harrington gbà: àmì kan ṣoṣo kò tó láti pe nǹkan ní ọkọ̀ òfurufú, àfi bí ìgbì púpọ̀ tó tẹ̀ lé ara wọn bá padà wá láti ibì kan náà. Fún òkè àti ilé, ọ̀nà kejì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń mọ ìmọ́lẹ̀ lára sókè síkírìnì kan, òṣìṣẹ́ á sì fi ọ̀dà bo ibi tí òkè àti ilé máa ń yọ sí. Ìmọ́lẹ̀ tó bá tàn níbi tí ọ̀dà kò bò nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà.

Ìṣòro kejì ni àkókò. Rádà kò dúró de ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà kò lè pa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tì ní gbogbo ìgbà tí okùn bá mú ìròyìn wá. Nínú SAGE, ètò ìdáàbòbò ojú ọ̀run Amẹ́ríkà tó jáde láti ara iṣẹ́ yìí, wọ́n fi àgbá onímágínẹ́ẹ̀tì tó ń yí sí àárín. Bí àmù ṣe ń gba omi pamọ́ de ẹni tí yóò bù ú, bẹ́ẹ̀ ni àgbá náà ń gba ìròyìn bó bá ṣe ń wọlé, kọ̀ǹpútà á sì wá kó o nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀.

Ìṣòro kẹta ni bí a ṣe máa mọ ibi tí àṣìṣe wà. Fáàfù, àwọn igo onígíláàsì tí rédíò àtijọ́ ń lò, ló kún inú Whirlwind, wọn a sì máa kú láìròtẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́rọ wádìí àwọn tó ti bàjẹ́, wọ́n rí i pé sílíkọ́ọ̀nù tó wà nínú irin wọn ló ń fa ìbàjẹ́ náà, wọ́n sì ní kí àwọn tó ń ṣe fáàfù yọ ọ́ kúrò. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n sọ ọ́ di àṣà láti máa dán ẹ̀rọ wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: wọn á mú agbára iná apá kan lọ sílẹ̀ tàbí sókè díẹ̀ nígbà tí ètò ìdánwò bá ń ṣiṣẹ́ lọ. Fáàfù tó ti fẹ́ kú á ṣàṣìṣe lójú wọn, wọ́n á sì pààrọ̀ rẹ̀. Ibi ìpamọ́ ìròyìn kọ̀ǹpútà náà tún ń dààmú wọn, títí di oṣù kẹjọ ọdún 1953 tí wọ́n fi òrùka mágínẹ́ẹ̀tì kéékèèké rọ́pò àwọn igo tó wà níbẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, wákàtí mẹ́rin lójúmọ́ ni àtúnṣe ń gbà. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di wákàtí méjì lọ́sẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1958, ibùdó SAGE àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní McGuire, ìpínlẹ̀ New Jersey. IBM ló ṣe kọ̀ǹpútà rẹ̀, Burroughs ló ṣe ẹ̀rọ tó ń sọ ìròyìn di nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rádà, okùn tẹlifóònù sì ń gbé 1,300 bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kọ̀ǹpútà méjì ló wà ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan lè gba iṣẹ́ bí èkejì bá dákẹ́. Wọ́n fi bíìtì kan kún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan láti fi mọ̀ bóyá ó bàjẹ́ lójú ọ̀nà.

Lónìí, rádà tó ń lo ìgbì 76 sí 81 gígáháàtì fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kéré débi pé ó wọ inú àtẹ́lẹwọ́, àmọ́ ọ̀nà àárín náà ṣì wà. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni DCA1000 ti Texas Instruments, páálí ẹ̀rọ kan tó ń gba ìròyìn lọ́wọ́ rádà, tó sì ń fi okùn Ethernet rán an sí kọ̀ǹpútà. Ìlànà UDP ló ń lò, ìlànà yìí kì í sì í béèrè bóyá ohun tó rán dé. Nítorí náà ni wọ́n ṣe kọ nọ́ńbà ìtẹ̀léra sórí ẹrù kọ̀ọ̀kan, kí kọ̀ǹpútà lè mọ iye tó sọnù.

Bí ìsopọ̀ páálí yìí bá kọ̀, ìṣísẹ̀ àwọn ará Whirlwind náà ló yẹ kí ẹlẹ́rọ tọ̀: kí ó yẹ ọ̀nà náà wò ní abala-abala. Iná ló kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò, lẹ́yìn náà okùn àti iná kékeré tó ń ṣẹ́jú lẹ́bàá ihò rẹ̀. Àdírẹ́sì ló kàn: bí ètò páálí náà ṣe wà láti iléeṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ń jẹ́ 192.168.33.180, ó sì ń retí pé kí kọ̀ǹpútà jẹ́ 192.168.33.30. Bí èyí bá tọ́ tí kò sí èsì, ó lè jẹ́ ètò ìdáàbòbò kọ̀ǹpútà ló dí ojú ọ̀nà 4096 tí àṣẹ ń gbà, tàbí 4098 tí ìròyìn ń gbà, tàbí kí ètò mìíràn ti gba ojú ọ̀nà náà. Bí àṣẹ bá ń dáhùn tí ìròyìn kò sì wá, a jẹ́ pé láàárín rádà àti páálí ni kí wọ́n wò, nítorí ó ṣeé ṣe kí rádà náà má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í rán ìgbì rárá.