Nígbà tí orúnkún kò bá gbé power bike mọ́: ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ó tó wó lù yín

Tí ẹ bá ń gbé l'Ékòó, tí ẹ sì máa ń jáde láàárọ̀ Sunday, ẹ ó ti gbọ́ ariwo wọn rí kí ẹ tó rí wọn. Power bike ni mò ń sọ, àwọn alùpùpù ńlá tó máa ń kọjá fìrì lórí Third Mainland Bridge bí ẹni pé ọ̀run fẹ́ ya. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ rò pé ọmọ ọdún márùnlélógún ló wà lórí wọn. Ẹ dúró kí wọ́n ṣí àṣíborí ná. Ewú lẹ máa rí.

Owó ló fà á. Ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ tó ra mọ́tò, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ló sábà máa ń lè rà á. Bákan náà ló rí lókè òkun. Ní Amẹ́ríkà, àjọ àwọn ilé iṣẹ́ alùpùpù níbẹ̀ ṣírò ọjọ́ orí ẹni tó bọ́ sí àárín gbùngbùn nínú gbogbo àwọn tó ni alùpùpù: 32 ni lọ́dún 1990, ó sì ti di 50 nígbà tó fi máa di 2018. Ẹni tó ń gùn ún ń dàgbà, ẹ̀rọ náà kò sì fúyẹ́ sí i. Oríkèé ara ni àwọn méjèèjì ti máa ń pàdé: orúnkún, ìgbáròkó, ọrùn ọwọ́ àti àtàǹpàkò.

Bó bá jẹ́ bàbá yín, ọ̀gá yín tàbí ẹ̀yin fúnra yín lọ̀rọ̀ yìí kàn, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ìwúwo tí ojú kì í rí

Ọ̀kadà Bajaj Boxer tí gbogbo wa mọ̀, láàárín kílò 110 sí 125 ni ìwọ̀n rẹ̀ wà. BMW R 1250 GS, tí àwọn tó ń rin ìrìn àjò jíjìn fẹ́ràn, jẹ́ kílò 249. Suzuki Hayabusa jẹ́ 264. Honda Gold Wing Tour ju 360 lọ, Harley-Davidson tí wọ́n ń pè ní Ultra Limited sì ju 400 lọ. Àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́jọ nìyẹn o, kí ẹni tó gùn ún tó jókòó, kí ẹrù tó wọ̀ ọ́.

Tó bá ti ń sáré lójú títì, ẹ kò ní mọ ìwúwo yìí lára, torí táyà tó ń yí ló ń gbé e dúró. Ìgbà tó bá dúró ni wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀: ní tráfíìkì, nílé epo, nínú ọgbà tí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí, níbi tí ilẹ̀ ti dagun díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lo ìṣirò ilé ẹ̀kọ́ girama díẹ̀. Ká ní alùpùpù kan jẹ́ kílò 360, kí àárín gbùngbùn ìwúwo rẹ̀ ga tó ìdajì mítà, kí ọwọ́ rẹ̀ tí a dì mú sì ga tó mítà kan. Tó bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ní digíríì 10 péré, bíi kílò 31 lẹ máa fi agbára dá dúró. Ní digíríì 20, ó ti di 62. Ní digíríì 30, ó ti di 90. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà nínú wọn fi máa ń sọ pé tó bá ti kọjá ibì kan, ẹ fi í sílẹ̀ kó ṣubú, ẹ sá kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló máa ń gba gbogbo èyí, pẹ̀lú orúnkún tó tẹ̀ díẹ̀. Orúnkún tó ń ṣàìsàn sì ní ìwà burúkú kan: ó máa ń já lójijì. Ìrora á gún un, iṣan itan á tú sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ẹni náà tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ń rìn lẹ́sẹ̀ lè ta gọ́ọ́gọ́ọ́ kó sì máa lọ. Ẹni tó ní àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́jọ láàárín itan ńkọ́?

Làkúrègbé kì í ṣe ẹyọ kan

Yorùbá ń pe gbogbo rẹ̀ ní làkúrègbé, ṣùgbọ́n àwọn dókítà pín in. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni osteoarthritis. Ẹ rántí eegun rírọ̀ funfun tó máa ń wà lórí egungun adìyẹ, èyí tí a máa ń họ jẹ. Irú rẹ̀ ló bo orí eegun tiwa náà níbi tí eegun méjì ti pàdé, òun ló ń jẹ́ kí wọ́n máa yọ̀ lórí ara wọn. Nínú àìsàn yìí, ohun rírọ̀ yẹn á máa tín-ín-rín, á ya, títí eegun á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbo eegun. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé èèyàn mílíọ̀nù 528 ló ń bá a fínra lọ́dún 2019, pé orúnkún ló sì máa ń mú jù, mílíọ̀nù 365. Ìdá 73 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ti lé ní ọdún 55. Sísanra jù, ẹsẹ̀ tí èèyàn fi pa nídìí bọ́ọ̀lù nígbà èwe, iṣẹ́ tó gba ìlóṣòó àti ẹrù wúwo, àti ohun tí a bá nínú ìdílé, gbogbo wọn ló wà lára ohun tó ń fà á.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí orúnkún lórí máṣíìnì ló fà á. Rárá o. Òtútù lè jẹ́ kí ìrora náà pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń jẹ oríkèé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má tíì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà nìkan nìyí. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, ìgbáròkó rẹ̀ lè bàjẹ́ kó tó pé ọgbọ̀n ọdún, torí pé ẹ̀jẹ̀ kì í dé orí eegun itan dáadáa, eegun náà á sì máa kú díẹ̀díẹ̀. Ó wọ́pọ̀ láàárín wa gan-an. Rheumatoid arthritis náà kì í dúró de ọjọ́ ogbó, ọwọ́ ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ mú. Ohun tí àwọn dókítà fi ń mọ ìyàtọ̀ lára àwọn méjèèjì ni àárọ̀: bí oríkèé bá le nígbà tí ẹ jí, tó sì tú kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé, ó jọ osteoarthritis. Tó bá gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tètè lọ rí dókítà, torí ìtọ́jú wọn yàtọ̀ síra.

Ìgbáròkó ló ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ lè ré kọjá ìjókòó. Ìdí àtàǹpàkò àti ọrùn ọwọ́ ló ń fa clutch, láàárín go-slow Ọ̀ṣọ́dì ẹ lè fà á ní ìgbà ọgọ́rùn-ún kí ẹ tó dé Ìkẹjà. Ọ̀rọ̀ orúnkún ni wọ́n sábà máa ń sọ, àmọ́ ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ fi ń kọ́kọ́ mọ̀.

Ọ̀gá kan n'Íbàdàn

Ọ̀gá kan wà n'Íbàdàn tí mo mọ̀ dáadáa, òṣìṣẹ́ báńkì ni kó tó fẹ̀yìn tì. Gold Wing ló ń gùn, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà tí orúnkún òsì bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Á jí ní kùtù, á ti máṣíìnì jáde kí ìyàwó rẹ̀ má bàa rí bó ṣe ń fi ọwọ́ gbé ẹsẹ̀ kọjá ìjókòó. Lọ́jọ́ kan nílé epo, ó fi ẹsẹ̀ òsì tẹlẹ̀, àṣé dísù ti dà síbẹ̀. Ẹsẹ̀ yọ̀, orúnkún já, Gold Wing dùbúlẹ̀. Ọlọ́run yọ ọ́, kò há sábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin mẹ́rin ló bá a gbé e dìde. Ó sọ fún mi pé ìtìjú yẹn dun òun ju orúnkún lọ.

Àwọn ọmọ rẹ̀ ń pè é láti Èkó àti London: "Dádì, ẹ tà á." Oṣù méje ló fi ń gé fóònù mọ́ wọn létí tí wọ́n bá ti dárúkọ máṣíìnì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wá béèrè ohun mìíràn: "Dádì, èwo lẹ ó máa gùn lẹ́yìn èyí?" Ọ̀rọ̀ yí padà lọ́jọ́ náà. 250cc kan ló ń gùn báyìí, ìwúwo rẹ̀ kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́. Èmi ò rò pé ẹnì kankan lè fi ìbẹ̀rù já irú ohun bẹ́ẹ̀ gbà lọ́wọ́ àgbàlagbà, àgàgà ohun tó fi ogún ọdún ṣiṣẹ́ kó tó rà.

Oògùn tó ń tan èèyàn jẹ

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ nìyí. Ẹni tí orúnkún ń ro á gbé diclofenac tàbí ibuprofen mì, á gun máṣíìnì rẹ̀, ara á yá. Ìrora ti lọ, àmọ́ orúnkún kò tíì lágbára sí i. Bó bá di àṣà, ó lè dá ọgbẹ́ sínú ikùn, ó lè ba kíndìnrín jẹ́, ó sì léwu fún ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀pọ̀ èèyàn ọlọ́gọ́ta ọdún sì nìyẹn. Tramadol burú jù fún ẹni tó fẹ́ wà lójú títì: ó máa ń mú oorun àti òòyì wá. Èyí tó ju 100mg lọ kò tiẹ̀ bófin mu ní Nàìjíríà. Ní ti àgbo tó ń wo làkúrègbé sàn lọ́jọ́ mẹ́ta, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ kì í yá bẹ́ẹ̀. Eré ìdárayá tí physiotherapist bá fún yín láti fi mú iṣan itan le. Kí ara fúyẹ́: ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2005 fi hàn pé kílò kan tí èèyàn bá dín lára máa ń dín bíi kílò mẹ́rin kù nínú ẹrù tó ń bọ́ sórí orúnkún ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tó bá le kọjá ìyẹn, iṣẹ́ abẹ ló kù, kí wọ́n pààrọ̀ oríkèé náà. Wọ́n ń ṣe é ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn eegun Ìgbóbì l'Ékòó sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1945 fún àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́. Ẹni tí wọ́n bá pààrọ̀ ìgbáròkó rẹ̀, wọ́n sábà máa ń kìlọ̀ fún un pé kó má tẹ̀ ẹ́ kọjá digíríì 90 fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí ó lè yẹ̀. Gbígbé ẹsẹ̀ kọjá ìjókòó alùpùpù jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó lè yẹ̀ ẹ́. Dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà ni kó sọ ọjọ́ tí ẹ lè padà.

Ìgbà wo ló tó?

Kì í ṣe ìrora ni mo máa wò. Ẹ gbé máṣíìnì náà sí inú ọgbà, kí ẹnì kan dúró tì yín. Ẹ gbé e kúrò lórí sítáǹdì, ẹ dá a padà, ẹ tún un ṣe ní ìgbà mẹ́wàá. Ẹ fi ẹ̀yìn tì í gun ibi tó dagun díẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kọjá ìjókòó láìfi ọwọ́ ràn án lọ́wọ́. Èyí tí ẹ kò bá lè ṣe lọ́jọ́ tí ara dá, ẹ kò ní lè ṣe é nínú òjò. Ẹni tó ti ń yan ilé epo nítorí bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí, tàbí tó ń lo oògùn kó tó jáde, ara rẹ̀ ti dá a lóhùn.

Kò di dandan kó jẹ́ títà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n lè rẹ ìjókòó sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ dáadáa. Ẹni tí ọwọ́ ló ń dùn lè wá èyí tí kò ní clutch lọ́wọ́. Honda ń ṣe é, DCT ni wọ́n ń pè é, ó sì wà lórí Gold Wing láti 2018, tí ẹ̀rọ náà tún máa ń rìn sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Ìwúwo rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ ṣá o.

Èyí tó fúyẹ́ ni mo fara mọ́ jù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará Èkó, ẹ ṣọ́ra: òfin ìrìnnà ọdún 2012 lé alùpùpù kúrò ní ọ̀pọ̀ títì ńlá, àwọn tí ẹ́ńjìnnì wọn tó 200cc sókè nìkan ló yọ sílẹ̀. Tí ẹ bá lọ ra 125cc nítorí orúnkún, ọ̀nà yín á kúrú.

Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà wà. Can-Am Spyder ti Kánádà jáde lọ́dún 2007, Piaggio MP3 ti Ítálì ti wà láti 2006, Harley náà ní Tri Glide. Spyder àti Tri Glide kì í ṣubú níbi tí wọ́n bá dúró sí, ẹsẹ̀ kò sì ní iṣẹ́ kankan lábẹ́ wọn. Àwọn kan á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé kẹ̀kẹ́ Márúwá lẹ gùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tó wà ní Britain, tó bá di pé wọ́n pààrọ̀ ohun ìdarí alùpùpù yín nítorí làkúrègbé, òfin ní kí ẹ sọ fún DVLA, owó ìtanràn rẹ̀ lè tó £1,000.

Tó bá wá jẹ́ pé títà ni, ẹ má gbé e sí kọ̀rọ̀ fún ọdún méjì kí ẹ tó pinnu. Bátìrì á kú, epo inú táǹkì á bàjẹ́, táyà á sán, ẹni tó bá rà á á sì fi gbogbo rẹ̀ já owó. Ẹ rí i pé wọ́n yí orúkọ orí ìwé rẹ̀ padà kí wọ́n tó gbé e jáde lọ́gbà yín. Tó bá fi jàǹbá ṣe ní Òrè lọ́la, orúkọ tó bá wà lórí ìwé yẹn ni ọlọ́pàá máa wá dé ilé.