Jẹ

Jẹ jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn àárín nínú èdè Yorùbá. Ìtumọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ ni kí a fi oúnjẹ sẹ́nu kí a sì gbé e mì, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tó ń gba ẹnu wọlé là ń jẹ. À ń jẹ iyán. Gààrí tí a da omi sí, mímu ni, ọsàn náà sì ń kọ́? Mímu ni.

Ìlò rẹ̀ tó kọjá oúnjẹ ló pọ̀ jù. Ọmọ ọba a jẹ oyè, ọmọ olóògbé a jẹ ogún, ọlọ́jà a jẹ èrè, àwọn kan a sì kówó ìlú jẹ. À ń jẹ ìyà, à ń jẹ gbèsè: “Ó jẹ mí ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà” túmọ̀ sí pé owó mi ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Bí a bá parí ẹjọ́, ẹnì kan á jẹ̀bi, ẹnì kejì á jàre. Nídìí ọpọ́n ayò, tó ní ihò 12 àti ọmọ ayò 48, ẹni tí ọmọ ayò rẹ̀ tó kẹ́yìn bá sọ ti inú ihò alátakò di méjì tàbí mẹ́ta ló jẹ ẹ́.

Ohùn ni kí a ṣọ́ra fún. Jẹ̀, ní ohùn ìsàlẹ̀, ni ti ẹran tó ń wá koríko kiri. Jẹ́, ní ohùn òkè, la fi ń jẹ́ orúkọ, tí a fi ń jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán wa. Oògùn tó bá sì ṣiṣẹ́, a ní ó jẹ́.