Owó Ilé-Ìwé àti Àwọn Aṣòfin Kwara

Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 1955, Ìlọrin kò ní ìpín nínú rẹ̀, nítorí pé abẹ́ ìjọba Àríwá ni ó wà. Ọ̀fà àti Ìkìrun kò jìnnà síra, ṣùgbọ́n ààlà ìjọba pín àwọn ọmọ wọn níyà.

Kwara di ìpínlẹ̀ ní 1967. Ní oṣù kẹsàn-án 1976, ìjọba àpapọ̀ mú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé gbogbo orílẹ̀-èdè. Kò sì pẹ́ tí ó fi di ẹrù náà lé àwọn ìpínlẹ̀ lórí. Ilé-ìwé wà, owó kò tó.

Òfin ọdún 2004 wá àtúnṣe sí èyí. Ó pàṣẹ pé kí ìjọba àpapọ̀ máa ya ìdá 2 nínú 100 owó àpò rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tí kò bá kó ìpín tirẹ̀ sílẹ̀ kò ní rí i gbà. Ojú Kwara rí i: lẹ́yìn 2013, ọdún bíi mélòó kan kọjá tí owó náà kò wọlé.

Nítorí náà, aṣòfin tí ó bá gé owó ilé-ìwé nínú ìwé ìṣúná, owó méjì ni ó gé: ti Ìlọrin àti ti Àbújá. Ó yẹ kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin fi òfin de ìpín ilé-ìwé, kí ẹnikẹ́ni má lè fọwọ́ kàn án ní ọdún ọ̀dá. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.