Góòlù wo lẹ ń rà l'Óṣòdì?

Ẹ bèèrè ṣéènì ọrùn lọ́jà Òṣòdì, ọlọ́jà á ní, "Góòlù ni." Góòlù wo? Owó yín wà nínú ìbéèrè yẹn.

Ọ̀rọ̀ méjì làwọn ará Róòmù àtijọ́ ní fún un, láti ara aurum, ìyẹn wúrà. (Òun náà ló bí Au tí wọ́n kọ́ wa ní kẹ́mísìrì.) Aureus ni ohun tó jẹ́ wúrà látinú wá, auratus lèyí tí wọ́n fi wúrà bò lára. Àmọ́ àwọn akéwì wọn a máa pe èyí tí wọ́n fi bò náà ní aureus. Ẹ ò rí i, ẹnu ọlọ́jà ti wà tipẹ́!

Pliny, tó kú lọ́dún 79, kọ ọ́ pé mákúrì ni wọ́n fi ń lẹ wúrà mọ́ idẹ, ó sì ní àwọn kan ti ń ṣe màgòmágó sí i.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Zinariya làwọn Haúsá ń pe wúrà. Denarius, owó fàdákà Róòmù, ló di dinar, owó wúrà, lẹ́nu Lárúbáwá, kó tó dé ọ̀dọ̀ Haúsá. Orúkọ fàdákà ló wá ń jẹ́ wúrà báyìí.